Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ń BÁ ARA WA SỌ LÓRÍ ERÉ ÌDÁRAYÁ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

  Ẹ̀kọ́ tí a sábà máa ń kọ sí ojú ewé yìí a máa dá lórí ìwé ìṣirò, ẹ̀yáwó, àti bí a ti ń ṣe onídùúró fún ara wa. Èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ohun tí kò kan ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìdajì, ẹ ó rí i pé ó kàn án dáadáa. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù ń bá ara rẹ̀ sọ kí ó tó dìde láti ṣe é, tàbí kí ó tó padà lọ jókòó.

A rọ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó ka ẹ̀kọ́ náà sókè ní ìpàdé, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

1. ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN ẸGBẸ́

Nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ tí a ń yẹ̀ wò, ẹ̀yáwó tí a rí i pé ó ń ṣòro láti san padà jù lọ kì í ṣe èyí tí a fi ṣòwò tí òwò náà kò pé. Èyí tí a gbà láti fi gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ni. Òwò tí ó dẹnu kọlẹ̀ lónìí lè gbéra lọ́la. Ṣùgbọ́n bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá ọmọ ẹgbẹ́ dùbúlẹ̀, owó tí ń wọlé yóò dúró, owó tí ń jáde kò ní dúró, àwọn onídùúró tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún un ni gbèsè náà yóò sì wá bá nílé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára àwọn ohun tí ń fa irú ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn fẹnu kò pé eré ìdárayá déédéé ń dín ewu méjèèjì kù, ó sì ń ran ẹni tí ó ti ní wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wa ni nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ti sọ èyí fún. A kò ṣe aláìmọ̀. Ohun tí ó kù ni ṣíṣe.

Kí ló dé tí ẹni tí ó mọ̀ kò fi ṣe é? Ìdí pọ̀. Àkókò kò sí, iṣẹ́ ń wọ́ni, ojú ọ̀nà kò dára, oòrùn ń ràn. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ẹlòmíràn kì í rí, nítorí pé inú ẹni ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ. Òun náà sì ni èyí tí ó rọrùn fún wa jù lọ láti tún ṣe, nítorí pé kò gba owó, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

2. ELÒÓ NI ERÉ ÌDÁRAYÁ TÍ Ó TÓ?

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ìyànjú, ó yẹ kí a mọ iye ohun tí a ń yan ara wa níyànjú láti ṣe. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 sọ pé kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan máa ṣe ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí ó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150. Kí a tún ṣe iṣẹ́ tí ń mú iṣan le ní ọjọ́ 2 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 sókè gbọ́dọ̀ fi èyí tí ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin kún un ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kí ó má baà máa ṣubú.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó mọ níwọ̀n? Kò gba ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ kí ẹ tó mí, ó ti di èyí tí ó le nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ kan, fún ọjọ́ 5. Kò sì di dandan kí a ṣe ìṣẹ́jú 30 náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ kan náà ni. Ìlànà náà fi kún un pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ. Iṣẹ́ oko, gbígbá àgbàlá, pípọn omi, fífi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà, gbogbo rẹ̀ ni ó wọ inú ìṣirò. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀ láàárọ̀ ti san tirẹ̀. Àwa yòókù, akọ̀wé, olùkọ́, awakọ̀, aránṣọ, ẹni tí ó jókòó ti ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọrùn wa ni gbèsè wà.

3. OHUN TÍ ẸNU Ń SỌ FÚN ẸSẸ̀

Àwọn àgbà ní, ẹnu ẹni ni a fi ń kọ "mé jẹ". Kò sí ẹni tí kì í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń sọ ọ́ sókè, ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ sínú. Bí ó bá di àkókò àtijáde láti rìn, ẹ tẹ́tí sí ohun tí inú ń wí:

"Ó rẹ̀ mí."
"Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú."
"Mo ti dàgbà jù fún irú eléyìí."
"Àwọn èèyàn á máa wò mí."
"Ọ̀la ni n óò bẹ̀rẹ̀."
"Ọ̀lẹ ni mí, mo mọ ara mi."

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n, kò sì sí èyí tí ó gùn ju ìmí kan lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti sọ wọ́n tán, ẹsẹ̀ kò ní lọ mọ́. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ó ṣe bá a pè é. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní arúgbó ní ọmọ ọdún 45, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà yóò bá a pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òye wò ó. Ọ̀gbẹ́ni Albert Bandura, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ní ọdún 1977 pé kí ènìyàn tó dáwọ́ lé nǹkan kí ó sì tẹ̀ lé e, ó gbọ́dọ̀ gbà nínú ara rẹ̀ pé agbára òun ká a. Ó ní ibi mẹ́rin ni ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Èkíní ni ohun tí a ti fi ọwọ́ ara wa ṣe rí. Èkejì ni rírí ẹni tí ó dà bí tiwa tí ó ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹ̀kẹrin ni bí ara ṣe ń ṣe wá lákòókò náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ìyànjú wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó lágbára jù. Ohun tí a ti ṣe rí ni ó lágbára jù. Èyí ni kí ó wà lọ́kàn wa jálẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí: ọ̀rọ̀ dà bí ẹ̀yáwó tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń gbé wa kúrò lórí àga dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí a bá ti rìn tán, ìrìn náà ni yóò san ẹ̀yáwó náà padà, yóò sì mú kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì rọrùn láti gbà gbọ́.

4. OHUN TÍ ÌWÁDÌÍ FI HÀN

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni a ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn olùwádìí rí.

Ní ọdún 2011, Antonis Hatzigeorgiadis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìsì kó ìwádìí 32 jọ lórí bí àwọn eléré ìdárayá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Wọ́n rí i pé ó ń mú kí iṣẹ́ ara dára sí i. Ìrànlọ́wọ́ náà mọ níwọ̀n. Kì í ṣe kékeré, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Wọ́n tún rí i pé àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra ṣáájú jèrè ju àwọn tí wọn kò fi kọ́ra lọ. Èyí ni pé kò tó kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí a sì máa retí èrè.

Ní ọdún 2014, Anthony Blanchfield, Samuele Marcora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde. Àwọn ènìyàn 24 gun kẹ̀kẹ́ tí a gbé dúró sójú kan títí ó fi rẹ̀ wọ́n tí wọn kò lè wà á mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n pín wọn sí méjì. Wọ́n kọ́ apá kan bí a ti ń yan ọ̀rọ̀ ìyànjú fún ara ẹni, pẹ̀lú àkókò láti fi kọ́ra. Wọn kò kọ́ apá kejì ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n padà gun kẹ̀kẹ́ náà, àwọn tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, láti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ààbọ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá àti ààbọ̀. Ti àwọn yòókù kò yàtọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ kan náà kò nira lára wọn tó bí ó ti nira tẹ́lẹ̀.

5. ORÍṢI Ọ̀RỌ̀ MẸ́RIN TÍ A LÈ LÒ

(i) Ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà. Èyí ni èyí tí ń sọ fún ara bí yóò ti ṣe iṣẹ́ náà: "Gbé orí sókè. Na ẹ̀yìn. Jẹ́ kí apá máa lọ, kó máa bọ̀. Mí dáadáa." Ó wúlò fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti fún iṣẹ́ tí ó gba ìfarabalẹ̀, bí ìnàró lórí ẹsẹ̀ kan fún àwọn àgbàlagbà.

(ii) Ọ̀rọ̀ ìyànjú. Èyí ni ó ń fún ọkàn ní agbára: "Mo ti ṣe ìdajì." "Ó ku díẹ̀." "Mo rìn ín lánàá, n óò rìn ín lónìí." Òun ni ó dára nígbà tí ọ̀nà bá gùn tí ẹsẹ̀ sì ń wúwo.

(iii) Pípe ara ẹni lórúkọ. Ní ọdún 2014, Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde pé ẹni tí ó bá pe orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ ju ti ẹni tí ó ń wí pé "èmi, èmi" lọ nígbà tí nǹkan bá le. Àwa Yorùbá kò ṣe àjèjì sí èyí. Bí ìyá bá fẹ́ kí ọmọ dìde lórí ẹní, oríkì ni ó fi ń kì í. Kí ló dé tí a kò lè kí ara wa bẹ́ẹ̀? "Àkànní, dìde." "Àbẹ̀kẹ́, wọ bàtà rẹ, ìkóríta kò jìnnà." Ẹni tí ó bá ní oríkì, kí ó lò ó.

(iv) Ọ̀rọ̀ àdéhùn. Èyí ni èyí tí ó so iṣẹ́ mọ́ àkókò àti ibi kan: "Bí mo bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, n óò wọ bàtà, n óò sì rìn dé ilé ẹ̀kọ́ kí n tó padà." Ní ọdún 2002, Sarah Milne, Sheina Orbell àti Paschal Sheeran tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 248 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá kan kò gba ìmọ̀ràn kankan lórí eré ìdárayá, 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó ṣe é lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n fún apá kejì ní ọ̀rọ̀ láti fi mú wọn ní ìtara, 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣe é. Apá kẹta gba ọ̀rọ̀ ìtara kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọn yóò ti ṣe é sílẹ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí, 91 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣe é.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ ìtara nìkan kò gbé ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ọjọ́, tí ó ní wákàtí, tí ó ní ibi, òun ni ó ṣiṣẹ́. Èyí kò yẹ kí ó ya ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó bá wí pé "n óò máa fi owó pamọ́ bí ó bá ṣẹ́ kù," ẹ̀yin náà mọ bí ìwé rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ẹni tí ó bá wí pé "bí mo bá ti gba owó oṣù, ti ẹgbẹ́ ni n óò kọ́kọ́ yọ," òun ni ìwé rẹ̀ ń kún.

6. Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ ṢE É GBÁRA LÉ

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn ni ó ń ṣe ara lóore. Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn máa tún un sọ fún ara wọn pé ẹni tí ó ṣe é fẹ́ràn ni àwọn. Àwọn tí wọ́n ti ń fojú rere wo ara wọn tẹ́lẹ̀ jèrè díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kò ka ara wọn sí, inú wọn túbọ̀ bàjẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí ohun tí wọ́n gbà gbọ́, nítorí náà ọkàn wọn ń jiyàn rẹ̀.

Ẹ̀yin akápò yóò mọ ohun tí a ń sọ. Owó tí kò sí nínú àpótí, kíkọ ọ́ sínú ìwé kò lè sọ ọ́ di owó. Bí ẹni tí kò rìn ní ọdún mẹ́wàá bá dúró níwájú dígí tí ó ń wí pé "alágbára ni mí, kò sí ohun tí ó lè dá mi dúró," ó ti kọ iye tí kò ní sínú ìwé. Orí òkè àkọ́kọ́ ni wọn yóò ti yẹ ìwé rẹ̀ wò. Kí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ òótọ́, kí ó sì fi díẹ̀ ju ibi tí a wà lọ. Ìyẹn tó.

Bákan náà ni èébú kò ṣe é lò. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá bú ara àwọn, ara yóò gbọ́. A kì í fi èébú gba gbèsè lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí a fẹ́ kí ó padà wá sí ìpàdé. Ẹni tí a bá bú lónìí, ọ̀nà ibòmíràn ni yóò gbà lọ́la.

Ẹ wo bí a ṣe lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀:

Dípò "Ó ti rẹ̀ mí jù," ẹ wí pé: "Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. N óò rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí ó bá ṣì ń rẹ̀ mí, n óò padà sílé."

Dípò "Mo ti dàgbà jù," ẹ wí pé: "Àgbà ni mí. Ìrìn àgbà ni n óò rìn, ṣùgbọ́n n óò rìn."

Dípò "Àwọn èèyàn ń wò mí," ẹ wí pé: "Kí wọ́n máa wò. Ara tèmi ni mo ń tọ́jú."

Dípò "Mo ti pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, ó ti bàjẹ́," ẹ wí pé: "Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ. Tòní ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Dípò "Ọ̀lẹ ni mí," ẹ wí pé: "N kò tíì jáde lónìí. Bàtà mi dà?"

7. BÍ A Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ méje, ẹ kọ ohun tí ẹ bá sọ fún ara yín ní wákàtí tí ó yẹ kí ẹ ṣe ìdárayá sínú rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe, ẹ kàn kọ ọ́. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ó ní kí ọmọ bá òun kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ohun tí ẹ kọ. Èwo ni ó wáyé jù? Ẹ mú méjì, kí ẹ pààrọ̀ wọn sí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ tí ó sì ń gbéni dìde, bí a ti ṣe lókè yìí. Ẹnu yín ni kí ó ti jáde, kì í ṣe ẹnu tiwa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fi èdè àdúgbò yín sọ yóò wọlé ju èyí tí ẹ kọ́ sórí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dá ọjọ́, wákàtí àti ibi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ti mọ́ra, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi dé 30. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ní ibi mẹ́ta: nígbà tí ẹ bá ń wọ bàtà, nígbà tí ẹ bá dé ìdajì ọ̀nà, àti nígbà tí ọkàn bá ní kí ẹ padà. Ibi kẹta yìí ni ó ṣòro jù, nítorí náà ẹ ti yan ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá padà dé, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ rìn sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ owó sínú ìwé ìfowópamọ́. Lọ́jọ́ tí ọkàn bá wí pé ẹ kò lè ṣe é, ẹ ṣí ìwé náà. Ohun tí ẹ ti ṣe rí ni ẹ ó fi dá a lóhùn.

Ẹ má retí pé yóò mọ́ra lọ́sẹ̀ kan. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 96 tí wọ́n fẹ́ sọ ohun tuntun di àṣà. Ìwádìí náà jáde lórí ìwé ní ọdún 2010. Iye ọjọ́ tí ó wà láàárín nínú ìṣirò wọn jẹ́ 66, ti ẹlòmíràn jẹ́ 18, ti ẹlòmíràn sì tó 254. Wọ́n tún rí i pé pípa ọjọ́ kan jẹ kò ba iṣẹ́ náà jẹ́. Nítorí náà, ẹ fún ara yín ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán.

8. ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ

A bẹ̀ yín, ẹ fi etí sí apá yìí ju èyí tí ó ṣáájú lọ. Ọ̀rọ̀ ìyànjú wà fún àárẹ̀ àti ìlọ́ra. Kò sí fún àìsàn. Bí ẹ bá ń ṣe ìdárayá tí àyà ń dùn yín tàbí tí ó ń fún yín pinpin, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èémí kúrú ju bí ó ti yẹ lọ, tí ọkàn ń lù kìkì láìbá ara mu, tàbí tí apá kan ara rọ lójijì tàbí tí ẹnu wọ́, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má wí pé "ó ku díẹ̀." Kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù láìjáfara.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn, kí ó rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ó béèrè bí òun yóò ṣe jẹun kí òun tó ṣe ìdárayá, nítorí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún ara wa. Àwọn kan nínú wa ń fi ẹnu sọ pé "èmi kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo kọ̀ ọ́," wọ́n sì pa oògùn tì. A kò bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Àdúrà dára, ìgbàgbọ́ sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ti fi hàn lápá wa pé ẹ̀jẹ̀ ń ru, tí a sì ń sọ fún ara wa pé kò ru, a ti di akọ̀wé tí ń kọ ìwé èké lórí ara òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn, ìdí nìyẹn tí irọ́ náà fi ń pẹ́ kí ó tó tú. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ ni: "Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ń lo oògùn mi, mo sì ń rìn." Ẹ gbàdúrà sí i, kí ẹ sì gbé oògùn yín mì.

9. IPA TÍ ẸGBẸ́ LÈ KÓ

Ẹ rántí ibi kejì tí Bandura sọ: rírí ẹni tí ó dà bí tiwa tí ó ń ṣe é. Níbí ni ẹgbẹ́ ti lágbára ju ẹnì kan lọ. A dá àwọn nǹkan wọ̀nyí lábàá:

(a) Kí àwọn méjì méjì ṣe onídùúró fún ara wọn lórí ìrìn, bí a ti ń ṣe lórí ẹ̀yáwó. Bí ẹnì kan kò bá jáde, kí ẹnì kejì lọ kan ilẹ̀kùn. Kí ó má sọ pé "Ẹ tún ti sùn." Kí ó wí pé, "Ìyá, ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní kí a jọ rìn dé ìkóríta."

(b) Kí a má fi ara sísan tàbí ìrìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìpàdé. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ẹnu ẹgbẹ́ sọ síni lára ni ẹni náà yóò máa sọ fún ara rẹ̀ bí ó bá délé.

(d) Kí a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìpàdé oṣooṣù rìn yí ọgbà ká, alága àti ọmọ ẹgbẹ́ lápapọ̀. Kí ẹni tí kò lè rìn na apá rẹ̀ lórí àga.

(e) Bí agbára ẹgbẹ́ bá ká a, kí a ní ẹ̀rọ ìwọnẹ̀jẹ̀ kan, kí nọ́ọ̀sì tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ máa wọn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìpàdé. Kí ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ wà láàárín nọ́ọ̀sì àti ẹni tí ó ni ara.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ sábà máa ń sọ fún ara yín nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ jáde? Kí ẹni mẹ́ta sọ tiwọn.
2. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ tí ó sì ń gbéni dìde.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àárẹ̀ tí a lè yan ara wa níyànjú lé lórí, àti àmì àìsàn tí ó yẹ kí a dúró fún? Ẹ dárúkọ àmì mẹ́rin.
4. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìtara tí kò ní ọjọ́ àti wákàtí kò fi ṣiṣẹ́? Ẹ fi ìfowópamọ́ ṣe àpẹẹrẹ.
5. Àwọn wo ni wọn yóò ṣe onídùúró fún ara wọn nínú ẹgbẹ́ yìí? Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìpàdé, kí olúkúlùkù sì mú ìwé ìrìn rẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.